Pupa Tí Ọdẹ́jìnmí Pè Ní Obì

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó dè mí lábẹ́ igi odán yìí, ẹ sún fún mi díẹ̀ kí n rí ibi na ẹsẹ̀ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹ̀pà níwájú níbẹ̀, ẹ rọra máa jẹ ẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo fẹ́ sọ, ẹnu gan-an, eyín àti ẹran tí ó di eyín mú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wojú ara yín tí ẹ rò pé ìtàn ìfẹ́ ni, ẹ kò jẹ̀bi. Ìfẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ ṣá má retí pé kí ó parí síbẹ̀.

Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ọdẹ paraku ni mí. Mo ti yìnbọn fún ẹfọ̀n títí àwọn ọmọ ẹfọ̀n fi ń fi orúkọ mi dẹ́rù ba ara wọn. Mo ti wọ igbó tí àwọn igi ibẹ̀ ń sín, tí mo ń kí wọn ní pẹ̀lẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, nínú ẹgbẹ́ ọdẹ wa, kò sí ẹni tí ó rìn jìnnà tó Ọdẹ́jìnmí, ọ̀rẹ́ mi, kò sì sí ẹni tí ìrìn rẹ̀ já sí asán tó tirẹ̀. Ohun tí ó fojú ara rẹ̀ rí ni ó sọ fún mi. Òun náà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ọdẹ́jìnmí kò tíì láya nígbà tí ó kọ́kọ́ rí Ìbíwùmí. Ó ru ìgalà dé etí odò, ó gbọ́ ẹ̀rín kan, ó sì gbàgbé pé ẹran ń bẹ léjìká òun. Ọmọbìnrin kan ni ó ń fi ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín nítorí pé ìkòkò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ sínú omi. Eyín ọmọbìnrin náà funfun báláú, èjí sì wà láàrin eyín méjèèjì iwájú, tóóró, bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ díẹ̀ fún àlejò tí wọ́n ń retí. Ọdẹ́jìnmí sọ fún mi pé ilẹ̀kùn yẹn ni òun gbà wọlé, òun kò sì mọ ọ̀nà àtijáde mọ́.

Ó fẹ́ ẹ. Nígbàkígbà tí ó bá ti ìgbẹ́ dé, kí ó tó gbé ìbọn kọ́, obì ni yóò kọ́kọ́ yọ nínú àpò fún un, obì àbàtà pupa tí ó fi ewé tútù wé. Bí ẹlòmíràn ṣe ń sọ pé òun fẹ́ràn aya òun, bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́jìnmí ń fi obì sọ ọ́. Ìbíwùmí yóò bù ú sẹ́nu, yóò tì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè rẹ̀ yóò pọ́n, ọkọ rẹ̀ yóò sì máa wò ó bí ẹni ń wo oòrùn tí ó ń wọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìbíwùmí ń run orín lẹ́yìnkùlé. Ó yọ orín lẹ́nu, ó rí i pé ó pọ́n. Ó tutọ́, itọ́ náà pọ́n. Ó mú orín tọ ọkọ rẹ̀ lọ.

"Ọkọ mi, ẹ bá mi wo orín yìí. Ẹ̀jẹ̀ ni."

Ọdẹ́jìnmí bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? Èmi tí mo ń kun ẹfọ̀n, èmi ni o fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ hàn? Obì àná ni."

"N kò jẹ obì lánàá."

"Obì ìjẹta ni nígbà náà. Ṣé o kò mọ̀ pé obì tèmi kì í tètè kúrò lára èèyàn?"

Ọ̀rọ̀ náà pa Ìbíwùmí lẹ́rìn-ín, ó sì sọ orín nù. Bí wọ́n ṣe pa á tì nìyẹn, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Kò pẹ́, ẹran ìdí eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó pọ́n bí ojú ẹni tí ó sunkún mọ́jú, ó sì rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n jù. Kò dùn ún. Ohun tí ó burú nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, kò dùn ún rárá. Ìbá ṣe pé ó dùn ún ni, ìbá pariwo, adúgbò ìbá sáré wá. Ó kàn lọ bá aládùúgbò wọn, Ìyá Adúnọlá, tí ó ń yan ẹ̀pà lójúde.

"Ìyá Adúnọlá, bí mo bá ti ń run orín báyìí, ẹ̀jẹ̀ ni."

"Orín rẹ ni ó le jù," ni Ìyá Adúnọlá wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí ó sinmi. Má fi orín kàn án mọ́. Àbí egbò ni o fẹ́ máa họ ní gbogbo àárọ̀?"

Ìbíwùmí gbà. Ibi tí ó yẹ kí ó máa fọ̀ jù lọ, ibẹ̀ gan-an ni ó fi sílẹ̀ kí ó sinmi. Mo rí ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí. Ẹ má mi orí fún mi. Ẹ̀yin náà ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ rí.

Lẹ́yìn èyí ni òórùn dé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó fẹ́ èémí sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn ọwọ́ náà, ojú sì tì í nínú yàrá tí kò sí ẹnìkan. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fọwọ́ bo ẹnu bí ó bá ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń dá oúnjẹ jẹ, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ó sì fi ń jẹ ẹ́. Bí Ọdẹ́jìnmí bá sún mọ́ ọn, yóò yí ojú sí ògiri.

Kí ni ọkọ yóò rò? Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ dá mi lóhùn. Ẹ dákẹ́! Ohun tí ẹ rò náà ni òun náà rò.

Aránṣọ kan wà lọ́ọ̀ọ́kán ilé wọn, Láníhùn, ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ó máa ń súfèé bí ó bá ń fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọdẹ́jìnmí rí ìyàwó rẹ̀ ní ìsọ̀ Láníhùn. Ó mú aṣọ kékeré kan lọ́wọ́, ó fọwọ́ kejì bo ẹnu, ó tẹrí ba, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọdẹ́jìnmí yára lọ sílé. Ó dúró dè é ní ẹnu ọ̀nà.

"Ìbíwùmí, ta ni ó gba ẹ̀rín rẹ?"

"Ẹ̀rín wo?"

"Èyí tí mo rí létí odò. Ò ń fi í pamọ́ fún mi. Ta ni ò ń fi í pamọ́ dè? Aránṣọ tí ó ń súfèé bí ẹyẹ ẹ̀gà yẹn ni?"

Ìbíwùmí fa àpótí ìjókòó fún un. "Mo fi ẹ̀jẹ̀ hàn yín, ẹ ní obì ni. Mo fọwọ́ bo ẹnu, ẹ ní àlè ni. Ẹ jókòó, ọkọ mi. Ẹ jẹ́ kí n lanu, kí ẹ wò ó."

"Ẹnu tí ó ń purọ́ fún mi, kí ni mo fẹ́ wò nínú rẹ̀?"

Ó wọlé, ó gbé ìbọn. Láti kékeré ni ó ti ń gbọ́ pé iwin kan ń bẹ nínú Igbó Afẹ̀rínjẹ, tí ó ń bá àwọn ọkùnrin oníṣekúṣe jí ẹ̀rín obìnrin. Ó búra pé òun yóò yìnbọn pa á, òun yóò gba ẹ̀rín ìyàwó òun, òun yóò sì mọ ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Ìbíwùmí na ọwọ́ dí ilẹ̀kùn.

"Ẹ má lọ. Ibi tí ẹ ń lọ jìnnà. Ẹnu mi nìyí nítòsí."

Ọdẹ́jìnmí gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Àwọn ìgbẹ́ tí ó là kọjá, ẹ̀yin kọ́ ni n ó máa ròyìn wọn fún, nítorí ẹ kò ní sùn mọ́. Igi kan dì í láṣọ mú, ó ní àfi kí ó sọ orúkọ ìyá ìyàwó rẹ̀. Ó sọ ọ́, ó sì fi àdá gé ọwọ́ igi náà. Odò kan ń ṣàn gòkè. Ó fi ẹ̀yìn wẹ̀ ẹ́ kọjá. Èmi náà ti wẹ odò yẹn rí, pẹ̀lú etu méjì léjìká. Ta ni ó rẹ́rìn-ín? Wá wẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ibodè Igbó Afẹ̀rínjẹ, iwin kan jókòó, ó ń fi ewé fẹ́ ara rẹ̀. Kò léèékánná, kò ní ìwo. Ara rẹ̀ rọ̀ bí òwú, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ti ìyá ọmọ tuntun. Jẹ́jẹ́ ni orúkọ rẹ̀.

"Káàbọ̀, olólùfẹ́," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ìbéèrè kan ṣoṣo ni owó ibodè mi. Olè wo ni onílé rí nínú ilé rẹ̀, tí ó sì fi orúkọ ẹ̀bùn ara rẹ̀ pè é?"

"Olè tí mo bá rí, ìbọn ni mo fi ń pè é."

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rọra fọwọ́ tọ́ ọ lẹ́sẹ̀ bí ẹni ń yẹ́ àlejò sí. "Máa wọlé. Ìwọ ni mo ń wá."

Ó ti rìn jìnnà kí ó tó rí i pé ilẹ̀ ń tutù lábẹ́ gìgísẹ̀ òun. Ó wo bàtà awọ rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ti lọ, nǹkan ti jẹ ẹ́ jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́ létí. Ìgbà tí ohun tí ó jẹ ẹ́ ń jẹ ẹ́, kò mọ̀ ọ́n lára.

Ìlú tí ó kọ́kọ́ dé, gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ pọ́n. Omi pọ́n, ògiri pọ́n, itọ́ tí wọ́n ń tu sílẹ̀ pọ́n. Ọkùnrin kan ń bọ̀ tí ọ̀bẹ ti gé lápá, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀.

"Ọ̀rẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ!"

"Obì ni," ni ọkùnrin náà wí, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ní ibi tí ó dé níwájú, ó ṣubú. Àwọn tí ó gbé e ń sọ fún ara wọn pé obì ti pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀.

Ọdẹ́jìnmí rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Àgbàlagbà obìnrin kan tí ó ń fa omi nínú kànga gbójú sókè.

"Ọmọ mi, kí ni ó pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ìyá, òmùgọ̀ ni àwọn èèyàn ìlú yín. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń pè é ní obì."

"Nílé tìrẹ ńkọ́? Kí ni ẹ ń pè é?"

Ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó bú ìyá arúgbó náà, ó sì jáde ní ìlú. Ṣé ẹ mọ irú ìbínú tí ó máa ń mú èèyàn bí wọ́n bá bi í ní ohun tí ó ti mọ̀? Irú rẹ̀ ni.

Ó dé ìlú kejì, Ilé-Ń-Ga. Ẹ̀yin tí ẹ ti rìn, irú ìlú yìí kò sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, ó rọ̀, ó ń dán. Àwọn ilé tò yí i ká, funfun, wọ́n fara ti ara wọn bí eyín nínú ẹnu. Gbogbo ará ìlú sì wà ní ìta, wọ́n ń jó, wọ́n ń fẹsẹ̀ lulẹ̀.

"Àlejò, bá wa yọ̀!" ni ọba wọn wí. "Àwọn ilé wa ń ga sí i! Èyí tí mo bí àkọ́bí mi sí, kò ga tó báyìí nígbà náà. Wò ó!"

Òótọ́ ni, àwọn ilé náà ga. Ṣùgbọ́n ọdẹ ni Ọdẹ́jìnmí, ilẹ̀ ni ó máa ń wò kí ó tó wo òkè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rí ìlà àtijọ́ lára ògiri, ibi tí ilẹ̀ máa ń dé tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ ti fà sẹ́yìn kúrò níbẹ̀, ìpìlẹ̀ ti yọ sóde, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

"Kábíyèsí, ilé yín kò ga. Ilẹ̀ ni ó ń sá lọ lábẹ́ rẹ̀."

Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi ìka kan ti ilé kan, ilé náà mì jìgìjìgì. Láàrin ilé sí ilé, àlàfo ti là níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀, ọyún sì ń sun níbẹ̀ pẹ̀lú òórùn tí ó mú un lójú. Nígbà náà ni ó ṣàkíyèsí pé gbogbo ará ìlú ni ó ń jó pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́nu. Ọkọ kò wo ojú aya, aya kẹ̀yìn sí ọkọ. Ní ẹnu ilé kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin kan ń bi obìnrin kan pé, "Ta ni? Ta ni ọkùnrin náà?" Obìnrin náà kò sì dáhùn, nítorí bí ó bá dáhùn, yóò la ẹnu.

Ilé kan wó níwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ké. Wọ́n ní, "Kò dùn wá," wọ́n sì ń bá ijó lọ.

Lábẹ́ ilé tí ó wó náà, ta ni ó jókòó tí ó ń jẹ ìpìlẹ̀ bí ẹni ń jẹ ẹ̀kọ gbígbóná? Jẹ́jẹ́ ni. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ohun tí ó ń jẹ kí ó má baà ta onílé lára.

Ọdẹ́jìnmí yìnbọn. Ọta gba inú òwú kọjá. Ó tún yìn ín. Ó fi àdá ṣá a. Wọ́n jọ yí lórí ilẹ̀ rírọ̀ náà, ọdẹ ń lu iwin, iwin ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pa á lára, títí ó fi rẹ ọdẹ.

"Mo pa ẹkùn!" ni Ọdẹ́jìnmí ń pariwo. "Mo pa erin! Kí ni a fi ń pa ọ́?"

"Ìgbálẹ̀," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Ọdẹ́jìnmí rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀ ni.

"Òótọ́ ni. Ẹni tí ó bá ń gbálẹ̀ ìdí ilé rẹ̀ lójoojúmọ́, níbi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀, n kì í dúró níbẹ̀. Bí ó bá rí pupa ojú ẹsẹ̀ mi, tí ó sì túbọ̀ rọra gbá a, mo ti lọ. Ẹni tí ó bá rí pupa náà, tí ó ní kí ìgbálẹ̀ sinmi, òun ni ó fi àga fún mi. Ìdọ̀tí á di òkúta mọ́ ìdí ògiri. Bí ó bá ti di òkúta, ìgbálẹ̀ kò ràn án mọ́, àfi ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fi irin họ ọ́. Wo ilé yẹn lọ́hùn-ún."

Ọdẹ́jìnmí wò. Láàrin ìlú tí ó ń mì, ilé kan dúró ṣinṣin, ilẹ̀ dì í mú dáadáa. Obìnrin kan jókòó níwájú rẹ̀, ó lanu, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọkọ rẹ̀.

"Àwọn yẹn pe onírin nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí pupa. N kò rí nǹkankan jẹ níbẹ̀." Jẹ́jẹ́ nu ẹnu. "Ó yá, olólùfẹ́. Olè wo ni onílé rí, tí ó fi orúkọ ẹ̀bùn ara rẹ̀ pè?"

Ọdẹ́jìnmí sọ àdá sílẹ̀. Ó rí orín kan níwájú rẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan tún nà án sí i. "Ìwọ ni," ni ó wí. "Mo rí ọ. Mo pè ọ́ ní obì."

"Òwúrọ̀ dáadáa ni òwúrọ̀ ọjọ́ náà," ni Jẹ́jẹ́ wí, ó sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀.

Ọdẹ́jìnmí sáré. Odò tí ó ń ṣàn gòkè, ó gbé e padà. Igi tí ó gé lọ́wọ́ yà fún un. Kí ó tó dé odò náà, ní etí ìlú pupa, ó rí igi obì kan tí ó so, ọwọ́ rẹ̀ sì ti já obì, ó ti fi ewé wé e, ó ti sọ ọ́ sínú àpò, kí ọkàn rẹ̀ tó ronú. Ọwọ́ náà kò mọ ọ̀nà mìíràn láti fi bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí ó wọ ìlú wa, àgbàdo tí kò tíì hù nígbà tí ó lọ ti gbẹ nínú àká. Oòrùn ọ̀sán ń mú. Ìbíwùmí wà lójúde, ó ń di ẹrù sínú agbọ̀n. Ó fi ìborùn kékeré kan wé ẹnu.

"Ìbíwùmí! Mo ti mọ̀ ọ́n! Kì í ṣe àlè! Jẹ́ kí n wo ẹnu rẹ! A ó lọ bá ẹni tí ó ní irin, yóò họ ọ́..."

"Ẹ kú àbọ̀," ni Ìbíwùmí wí. Ohùn rẹ̀ ń tú jáde lọ́nà mìíràn. "Mo ti lọ bá a. Dókítà eléyín ń bẹ ní ìlú ńlá tí a ti ń ra iyọ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ní iwin kankan."

"Kí ni ó wí?"

"Ó bi mí pé ìgbà wo ni ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ yọ lára orín. Mo sọ fún un. Ó ní bí mo bá wá nígbà náà, yóò kàn họ ọ́ ni, n ó sì kó eyín mi lọ sílé." Ó ti agbọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Láníhùn tí ẹ bú, ìborùn yìí ni mo ní kí ó rán fún mi lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ máa fi bo ẹnu bí ẹ bá sún mọ́ mi, kí òórùn má baà lé yín lọ."

Ọdẹ́jìnmí kọwọ́ bọ àpò, ó yọ obì náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i, bí ó ṣe ń ṣe láti ọjọ́ tí ó ti fẹ́ ẹ.

Ìbíwùmí tú ìborùn. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín etí odò gan-an, ó la ẹnu gbàgà kí ó lè rí i. Ilẹ̀kùn tóóró tí Ọdẹ́jìnmí gbà wọlé kò sí níbẹ̀ mọ́. Eyín méjèèjì tí ó di ilẹ̀kùn náà mú ti lọ, àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti bá wọn lọ, ibẹ̀ ṣófo bí ilé tí wọ́n kó kúrò.

"Kí ni n ó fi jẹ ẹ́?" ni ó wí.

Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ karí, ó lọ sílé ìyá rẹ̀. Kò wẹ̀yìn.

Ẹ má sunkún síbi tí mo jókòó sí, ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹkún kò fọ eyín rí. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí fi obì náà lélẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ewúrẹ́ sì gbé e lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó dúró síbi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń dúró sí, ó run orín. Ó yọ ọ́ lẹ́nu, ó wo ẹnu orín náà.

Ó pọ́n. Kò sì sí obì kankan nínú ilé.